Flux fún títún chip ṣe lórí pánẹ́ẹ̀lì: irú èwo, báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó, ṣé dandan ni fífọ̀?

Ọmọṣẹ́ Pánẹ́ẹ̀lì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí flux, ohun tí a ń fi sí ojú iṣẹ́ kí léèdì lè mú. Kapásítọ̀ 0402 (nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn) ni mo fẹ́ pààrọ̀ lórí pánẹ́ẹ̀lì fóònù. Bí áyọ́ọ̀nù (irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ léèdì) bá kàn án, léèdì ibẹ̀ (ìyẹn solder, tó di chip mọ́ pánẹ́ẹ̀lì) kì í tètè yọ́, bó bá sì yọ́, ẹ̀gún ló máa ń yọ lórí. Páàdì náà, ojú bàbà tí ìdí chip ń lẹ̀ mọ́, ti ń fẹ́ bọ́. Pésítì aláwọ̀ ìyeyè inú agolo kékeré tó wà lọ́jà ni mo ń lò. Irú flux wo ló ṣeé gbára lé? Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Tí wọ́n bá sì kọ “no-clean” sára rẹ̀, ṣé mo ṣì ní láti fọ̀ ọ́?

Ọ̀gá Bulówà

Àbúrò, kọ́kọ́ gbé agolo yẹn kúrò lórí tábìlì títí o ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Oríṣi méjì ni pésítì inú agolo. Èkíní ni oje igi páìnì tí wọ́n pò mọ́ gírísì. Ìyẹn kò burú fún wáyà àti iṣẹ́ ńláńlá, àmọ́ gírísì rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ chip. Èkejì ni ti àwọn tó ń jó páìpù bàbà, zinc chloride tàbí ammonium chloride ló wà nínú rẹ̀. Á mú léèdì lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á sì máa jẹ bàbà lọ díẹ̀díẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi í tún ṣe lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó wá kú nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n kọ sára agolo kò bá sọ èyí tó jẹ́, má fi kan chip rárá.

Ìdí tí léèdì rẹ fi ń yọ ẹ̀gún: táńganran (tin) àti bàbà, tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn wọ́n, ara wọn á dógùn-ún, ooru ló sì ń mú un yára. Awọ ìdógùn-ún yẹn fẹ́lẹ́ débi pé ojú lè má rí i, àmọ́ léèdì tó yọ́ kò lè gba inú rẹ̀ dé bàbà. Flux ló ń bó awọ náà, òun ló ń bo ojú ibẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má padà wọlé, òun ló sì ń jẹ́ kí léèdì tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó ká jọ bí omi lórí ewé kókò. Ó tún ń gbé ooru láti ẹnu áyọ́ọ̀nù lọ sí páàdì. Tí ẹ̀gún bá ti yọ, flux ti jóná tán nìyẹn. Ọ̀pọ̀ á rò pé ooru ni kò tó, wọ́n á gbé e sí 420 °C, ìyẹn ló sì ń tú gọ́ọ̀mù tó di páàdì mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Flux tuntun ni kí o fi sí i. Má fọwọ́ kan ooru.

Ní ti rírà, gel flux inú sírínjì ni kí o wá. Wo kóòdù ara rẹ̀ tó tẹ̀ lé ìlànà J-STD-004. RO ni oje igi, RE ni irú oje tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, OR sì ni èyí tí kò ní oje, tí ásíìdì rẹ̀ sábà máa ń lágbára jù wọ́n lọ. Lẹ́tà L, M tàbí H tó tẹ̀ lé e ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó, láti kékeré dé ńlá. Òǹkà ìparí, 0 tàbí 1, ń sọ bóyá halide (irú èròjà bíi chloride) wà nínú rẹ̀. 0 túmọ̀ sí pé kò tó 0.05%. ROL0 tàbí REL0 ni kí o mú fún fóònù. ROL1 náà ṣeé lò, pàápàá lórí pánẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ tó ti ṣú, bí o bá máa fọ̀ ọ́ dáadáa. OR ń fẹ́ omi gbígbóná díẹ̀ tí kò ní iyọ̀ nínú, ọjọ́ náà gan-an ni o sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn láti fi ṣe fóònù.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, àwọn tó lórúkọ jù ni wọ́n sì ń ṣe ayédèrú wọn jù. Dán an wò kó tó dé orí iṣẹ́: fi díẹ̀ sórí bàbà tó ti ṣú, fi áyọ́ọ̀nù 350 °C àti léèdì díẹ̀ kàn án. Léèdì gbọ́dọ̀ tàn ká, èéfín rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta ọ́ lọ́fun bí ásíìdì, ohun tó ṣẹ́ kù sì gbọ́dọ̀ mọ́ gaara tàbí kó pọ́n bí oyin. Fi bàbà náà sílẹ̀ níbi ọ̀rinrin fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o wá nù ún. Tí flux fúnra rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé díẹ̀, má jáyà, oje igi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá kan bàbà. Ojú bàbà lábẹ́ rẹ̀ ni kí o wò. Bó bá ń dán, ó dára. Bó bá ti jẹ ihò, dà á nù.

Àdùkẹ́ Mítà

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Bulówà, ẹ ti sọ ti agolo yẹn tán. Ẹ jẹ́ kí n mú 0402 náà.

Àbúrò, 0402 kò ju 1 mm lóòró àti 0.5 mm níbùú lọ. Flux tó tó o kò ju orí pínnì lọ. Bó bá pọ̀ jù, á máa hó lábẹ́ bulówà (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná), chip á máa léfòó kiri títí á fi lọ bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá kéré jù, á jóná kí léèdì tó yọ́. Fún 0603 àti 0805 tó tóbi jù ú lọ, fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sí i. Gel ni kí o lò lábẹ́ bulówà, nítorí atẹ́gùn á gbá flux olómi lọ.

Yọ bátìrì kí o tó ṣe ohunkóhun. Fi IPA (isopropyl alcohol) nu ojú ibẹ̀, kí o sì fi téèpù Kapton tí ooru kì í jó bo sọ́kẹ́ẹ̀tì oníke àti àwọn chip tó sún mọ́ ọn. Bí gọ́ọ̀mù dúdú bá wà létí chip, flux kò lè yọ́ ìyẹn fún ọ. Fi ooru rọ̀ ọ́, fi ẹnu ẹmú ha á kúrò, kí flux tó kàn án.

Gbé bulówà sí 350 sí 370 °C, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìwọ̀n tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn, ti ẹnu bulówà ni, pánẹ́ẹ̀lì kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ mú un jìnnà bíi 5 cm, máa yí i po ojú ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí bàbà ground tó wà nínú pánẹ́ẹ̀lì lè gba ooru. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń mú pánẹ́ẹ̀lì gbóná láti abẹ́, kó fi sí 100 sí 120 °C. Lẹ́yìn náà, sún bulówà mọ́ ọn tó bíi 2 cm.

Wá máa wo flux. Gel á kọ́kọ́ yọ́ di omi, á hó díẹ̀, híhó náà á rọlẹ̀, èéfín tín-ín-rín á máa jáde. Etí léèdì tó rí bí eérú tẹ́lẹ̀ á ṣàdédé dán. Fi ẹnu ẹmú tì í díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: bó bá sún tó sì padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, léèdì ìdí méjèèjì ti yọ́ nìyẹn, gbé e sókè. Bó bá sún tí kò padà, tàbí tí ìdí kan ṣì dúró gírígírí, má fà á. Fífà nígbà yẹn ló ń bá páàdì lọ.

Ohun tó jẹ́ kí léèdì pánẹ́ẹ̀lì máa ya olórí kunkun ni pé kò ní òjé (lead) nínú. Òfin RoHS ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó dín lílo òjé kù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2006, láti ìgbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti ń lo irú SAC305: táńganran 96.5%, fàdákà 3%, bàbà 0.5%. Ó ń yọ́ láàárín 217 sí 220 °C. Léèdì 63/37 tó ní òjé ń yọ́ ní 183 °C. Nítorí náà, lẹ́yìn tí chip bá ti kúrò, fi flux sí páàdì, fi léèdì 63/37 díẹ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n pò pọ̀, kí o wá fi okùn bàbà fa gbogbo rẹ̀ kúrò. Fi flux kan okùn náà pẹ̀lú, pàápàá bó bá ti pẹ́ tó sì ti ṣú. Gbé e lé páàdì, gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí, dúró kó mu léèdì, gbé méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Má fi ha páàdì bí ẹni ń fọ ìkòkò. Bí okùn bá lẹ̀ mọ́ ọn, mú un gbóná padà. Gé ibi tó ti mu léèdì yó sọnù, torí ńṣe ló ń gba ooru jẹ.

Fi léèdì fẹ́ẹ́rẹ́ sórí páàdì méjèèjì, kí wọ́n dọ́gba. Fi flux tuntun, gbé kapásítọ̀ tuntun lé e, mú un gbóná bíi ti àkọ́kọ́. Bí flux bá tó, tí léèdì sì dọ́gba, chip á fúnra rẹ̀ fà wọ àárín. Bí páàdì kan bá yọ́ ṣáájú èkejì, chip á nàró lórí ìdí kan. Ooru ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí flux tó wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún, ló ń fà á. Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Má fẹnu fẹ́ ẹ.

Bàbá Inverter

Ẹ kú àlàyé. Ìbéèrè kẹta ni tèmi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù ti ń bàjẹ́.

“No-clean” kò ní kí o má fọ̀ ọ́. Ohun tó ń sọ ni pé bí flux náà bá gbóná dé ibi tó yẹ, bíi ti inú ààrò iléeṣẹ́, èyí tó ṣẹ́ kù á gan, ásíìdì inú rẹ̀ á tán tàbí kó há sínú oje, kò sì ní ṣe ìjàǹbá. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, àárín nìkan ló ń gbóná tó bẹ́ẹ̀. Gel tó ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, tó sá sábẹ́ chip kejì, kò rí ooru. Ásíìdì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, á gba ọ̀rinrin, iná á sì máa jò gba inú rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan lórí pánẹ́ẹ̀lì inverter. Rẹ̀sísítọ̀ 100 kΩ àti 10 kΩ ló ń wọn fóltéèjì bátìrì fún chip tó ń darí iṣẹ́. Bátìrì 12 V á fi 1.09 V ránṣẹ́. Bí flux tó ṣẹ́ kù bá jo iná tó 1 MΩ lórí rẹ̀sísítọ̀ 100 kΩ yẹn, méjèèjì pa pọ̀ á di nǹkan bíi 91 kΩ, ohun tó dé ọ̀dọ̀ chip á di 1.19 V. Chip á rò pé 13.1 V ni bátìrì wà. Kò ní pa inverter nígbà tó yẹ, bátìrì á gbẹ, á bàjẹ́. Onímọ̀-ẹ̀rọ á máa pààrọ̀ chip lórí chip, nígbà tó jẹ́ pé IPA díẹ̀ ni ibẹ̀ ń fẹ́. Lórí fóònù, ibi tó burú jù ni ìdí kírísítà 32.768 kHz tó ń ka àkókò, ìlà bọ́tìnnì tó ń tan fóònù, àti ìlà iná ojú fóònù tí fóltéèjì rẹ̀ ń kọjá 20 V lẹ́gbẹ̀ẹ́ ground.

IPA 99% ni kí ẹ lò. Ti 70% ní omi púpọ̀ nínú, kì í tètè gbẹ, ó sì ń fi ẹ̀fun sílẹ̀. Sípírítì aláwọ̀ àlùkò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní omi àti aró. Pẹtiróò ń fi epo sílẹ̀, iná rẹ̀ sì léwu. Tínà àti ásítóònù ń jẹ ike sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń pa ìkọ̀wé ara chip rẹ́.

Ẹ pa bulówà àti áyọ́ọ̀nù ná, kí pánẹ́ẹ̀lì sì tutù dé ibi tí ọwọ́ gbà á, torí nǹkan bíi 12 °C péré ni afẹ́fẹ́ ara IPA ti lè gbaná. Ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì dúró láìtẹ́jú, ẹ da IPA sí i láti òkè, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ kó máa ṣàn sísàlẹ̀ sínú tíṣù. Bí ẹ bá kàn ń fi owú nù ún níbi tó wà, ńṣe lẹ̀ ń tẹ́ flux ká gbogbo pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú IPA tuntun. Ẹ̀fun tó bá yọ lẹ́yìn tó gbẹ, oje tó yọ́ àbọ̀ ni. Ìfọ̀ kẹta á kó o lọ. Ẹ wá fi bulówà tó wà ní 80 °C gbẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ máa mì í kiri.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má jẹ́ kí flux tàbí IPA wọ inú ihò máìkì. Àwọn máìkì kéékèèké tó ní ihò lórí tàbí lábẹ́, bí flux bá ti wọlé sínú wọn, a kì í fọ̀ wọ́n gbà padà. Ẹ fi téèpù bo ihò náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà àti bọ́tìnnì.

Ọmọṣẹ́ Pánẹ́ẹ̀lì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹni tí kò ní bulówà ńkọ́, tó jẹ́ áyọ́ọ̀nù 60 W lásán, tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń dín ooru, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀gá Bulówà

Áyọ́ọ̀nù 60 W tí kò ní ìdarí máa ń kọjá 400 °C tó bá ti jókòó fún ìgbà díẹ̀. Flux á jóná kó tó ṣiṣẹ́ kankan, á sì di èédú dúdú lẹ́nu rẹ̀. Bí ò bá sí òmíràn, tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ kànìnkànìn tó lọ́rinrin kó tó kan páàdì, má sì jẹ́ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ. Ṣùgbọ́n owó áyọ́ọ̀nù tó ní ìwọ̀n ooru kò pọ̀ tó owó pánẹ́ẹ̀lì kan tó bàjẹ́. Fi í sí 320 sí 340 °C fún léèdì tó ní òjé, 350 sí 370 °C fún èyí tí kò ní.

Láti yọ 0402 láìsí bulówà, fi flux bo gbogbo rẹ̀. Fi léèdì 63/37 kún ìdí méjèèjì títí á fi bò wọ́n, lo ẹnu áyọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó láti kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì gbá chip náà sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti yọ́. Láti fi tuntun sí i, fi léèdì sórí páàdì kan ṣoṣo. Fi flux, fi ẹmú di chip mú, yọ́ léèdì yẹn kó gbá a mú. Lọ sí páàdì kejì pẹ̀lú léèdì wáyà 0.3 tàbí 0.5 mm. Padà sí àkọ́kọ́ pẹ̀lú flux tuntun, kí ojú rẹ̀ lè dán.

Má ṣe kó léèdì sẹ́nu áyọ́ọ̀nù láti ibòmíràn wá lẹ̀ ẹ́. Flux tó wà nínú wáyà yẹn á ti jóná lójú ọ̀nà. Bó bá di dandan kí o ṣe bẹ́ẹ̀, flux gbọ́dọ̀ ti wà lórí páàdì.

Ara kapásítọ̀ yìí, amọ̀ sísun ni. Ẹnu áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kàn án, ìdí onírin rẹ̀ nìkan ni. Ooru òjijì á mú un sán nínú, níbi tí ojú kò lè rí, ó sì lè di ṣọ́ọ̀tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí o bá yọ kúrò, má dá a padà sórí pánẹ́ẹ̀lì. Tuntun rẹ̀ kò wọ́n.

Ní ti chip ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́, flux olómi dára níbẹ̀: fi í sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́nu gígé tó ní léèdì díẹ̀ wọ́ ọ láti òpin kan dé èkejì. Bí ẹsẹ̀ méjì bá so pọ̀, flux sí i, kí o sì tún un wọ́. Fún BGA (chip tí bọ́ọ̀lù léèdì wà lábẹ́ rẹ̀ dípò ẹsẹ̀), fi gel tẹ́ ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí o bá ṣì rí páàdì gbangba lábẹ́ rẹ̀, ó tó. Bó bá nípọn, híhó rẹ̀ á gbé chip sókè, àwọn bọ́ọ̀lù léèdì á sì so pọ̀.

Àdùkẹ́ Mítà

Ohun kan tó sún mọ́ ọn, tí àwọn atúnfóònùṣe gbọ́dọ̀ mọ̀: oje igi páìnì líle, èyí tí wọ́n fi ń ṣe flux, tún ń fi kapásítọ̀ tó ti ṣọ́ọ̀tì hàn. Tẹ ẹnu áyọ́ọ̀nù mọ́ oje náà, jẹ́ kí èéfín rẹ̀ gba orí pánẹ́ẹ̀lì kọjá títí awọ funfun fẹ́lẹ́ á fi bò ó. Fi páwà sọ́pláì tó ṣeé dín sí ìlà tó ṣọ́ọ̀tì. Bẹ̀rẹ̀ láti 1 V tàbí kó kéré sí i, má kọjá fóltéèjì tí ìlà náà ń lò, kí o sì máa gbé kọ́rẹ́ǹtì sókè díẹ̀díẹ̀ láti 0.5 A. Èyí tó ṣọ́ọ̀tì á gbóná, funfun orí rẹ̀ nìkan á sì yọ́. Fọ ìyókù pẹ̀lú IPA kí o tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá Inverter

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlera kún un, torí àwọn ọmọṣẹ́ kì í kà á sí. Èéfín oje igi lè fa ikọ́ fée (asthma) nínú àwọn tó ń fà á símú lójoojúmọ́, bó bá sì ti mú èèyàn tán, èéfín díẹ̀ á máa dá a sílẹ̀. Ẹ fi fáànù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, kó máa fa èéfín kúrò níwájú yín lọ sí ojú fèrèsé. Kó má máa fẹ́ lu pánẹ́ẹ̀lì, torí á mú un tutù. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí òjé inú léèdì.

Ní ti títọ́jú, ẹ dé sírínjì pa, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Ẹni tó bá ń fi tirẹ̀ sí fíríìjì, kó jẹ́ kó kúrò nínú òtútù pátápátá kó tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀, omi yẹn ló sì máa ń mú kí flux ta pàrà lábẹ́ bulówà. Bí gel bá ti pín sí omi àti wóro nínú sírínjì, ẹ má lò ó fún chip mọ́. Kí ẹ sì máa fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ohun tó ń bọ́ sórí 0402 má bàa ju orí pínnì tí Àdùkẹ́ sọ lọ.